Bàbá Àgbà Tó Ń Pín Ohùn ní Gomari

Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ń sọ pé èèyàn tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni Bàbá Àgbà mi. Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, àmọ́ nínú mi mo ń bi ara mi pé ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ọkàn bàbá yẹn kò balẹ̀ rí. Bó bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gomari tán, yóò rìn dé ìdí igi dóńgóyárò tó wà ní ìkóríta, yóò dúró, yóò sì padà wá fa àgádágodo wò. Ó lè padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé kò ní pẹ́ tí àgádágodo náà á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun sinmi.

Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni mo gbé ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní yunifásítì ní Maiduguri. Kánò ni àwọn òbí mi wà. Ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ni mo ń kọ́. Àwọn ọdún yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ọkàn balẹ̀ rìn nílùú: sójà wà ní oríta, ọjà ń tètè ká, nẹ́tíwọ̀kì sì lè lọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá á pè mí láàárọ̀ pé ṣé mo ti dé kíláàsì, á pè lọ́sàn-án pé ṣé mo ti jẹun, á tún pè pé ṣé mo ti wọ Kẹ̀kẹ́ Napep. Lọ́jọ́ kan tí nẹ́tíwọ̀kì lọ, mo jáde ní géètì yunifásítì, mo bá a tó dúró síbẹ̀ tòun ti agbòòrùn, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, eruku títí dé ìpéǹpéjú. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé? Ṣé kò sí?" Ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò.

"Kò sí nǹkan kan. Mo ní kí n wá wo bí oòrùn ṣe rí lọ́dọ̀ yín níbí ni."

Àwọn èèyàn sọ pé imú rẹ̀ ni mo jogún. Ẹ̀rù rẹ̀ náà ni mo jogún, òun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ sípíkà mọ́tò ló ń ṣe. Kì í tà á. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni kúrọ́sófà, àpótí kékeré kan tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú ilẹ̀kùn mọ́tò láti pín ohùn. Sípíkà ńlá tí wọ́n ń pè ní wúfà ló ni ohùn ìsàlẹ̀. Kékeré tó wà lókè, tuwítà, ló ni ohùn òkè tó tín-ín-rín. Kọ́ìlì inú àpótí náà kì í jẹ́ kí ohùn òkè dé ọ̀dọ̀ wúfà, kapasítọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tuwítà, torí pé bó bá fi dé ibẹ̀ pẹ́nrẹ́n, tuwítà á jó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ń ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ láti òkè òkun. Bàbá ò jẹ́ rà á láéláé. Ó ní àwọn tó ṣe é kò tíì jókòó sínú mọ́tò tó gba títì Gomari kọjá rí.

Ọwọ́ ló fi ń wé kọ́ìlì, sára ọ̀pá omi oníke tó ti gé wẹ́wẹ́. Ọ̀gá Hausa kan ní àdúgbò Hausari ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nítorí náà Hausa ló fi ń ka ìyípo wáyà títí ó fi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ki ló ń sọ nínú ilé. Bó bá ń kà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Èmi ò mọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo ti ilé ìwé bọ̀, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Ẹ káàsán o, Bàbá." Ó ti kà dé "talatin da takwas", ìyẹn méjìdínlógójì. Ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ iye tí ẹ kà kẹ́yìn, ẹ máa bá a lọ láti ibẹ̀.

"Bó bá lọ jẹ́ mọ́kàndínlógójì ni ńkọ́? Ta ló máa bá mi gbé ìyẹn sọ́kàn?"

Èmi àti ẹ̀ máa ń jà lórí kapasítọ̀. Mo ti kọ́ ìṣirò rẹ̀ ní kíláàsì, ìwé mi sì sọ pé mẹ́wàá ni nọ́ńbà tó yẹ kí ó wà níwájú tuwítà. Bàbá kì í ṣírò. Irú kapasítọ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ gan-an ṣọ̀wọ́n nílùú, nítorí náà á mú oníméjìlélógún méjì, á so wọ́n pọ̀ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì á sì di mọ́kànlá. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ nínú ìwé. Inú mi dùn pé ìwé mi àti ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mo gbé ìṣirò náà hàn án tìyangàtìyangà. Ó tẹ́ ìwé náà sójú oòrùn, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní, "Ìwé rẹ gbìyànjú. Etí ló kù tí kò ní."

Etí ni òun fi ń parí gbogbo iṣẹ́. Á jókòó síbi dírẹ́bà, á yí gbogbo gíláàsì sókè nínú ooru Maiduguri yẹn, á di ojú, á sì gbọ́ orin kan tán láìmira. Àwọn oníbàárà á máa làágùn níta, wọn á máa dúró dè é. Bó bá jáde, yóò lẹ bébà kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn àpótí: orúkọ ẹni tó ni mọ́tò, ọjọ́, nọ́ńbà kapasítọ̀, àti orúkọ òun fúnra rẹ̀. Mo bi í pé kí ni bébà wúlò fún nínú ilẹ̀kùn mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò ní tú.

"Bó bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí mo bá kú, kí ẹni tó bá tú u mọ ẹni tó yẹ kó bú."

Ọdún kẹta mi ni àwọn tuwítà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mọ́tò kan padà wá, ó di méjì, kí oṣù tó parí ó ti di márùn-ún. Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́. Ó tú àwọn sípíkà náà wò, ó ní ayédèrú ni wọ́n, ó sì wọ Kẹ̀kẹ́ lọ sí Monday Market láti lọ bá Alhaji Módù, ẹni tí Bàbá ti ń bá àwọn oníbàárà ra sípíkà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bí ogún ọdún. Lójú àwọn oníbàárà ló ti pè é ní oníjìbìtì. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́.

Èmi ni mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ì bá wù mí kó jẹ́ ẹlòmíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń to àwọn àpótí tí wọ́n tú kúrò nínú mọ́tò, mo sì ń ka bébà ẹ̀yìn wọn. Èyí tó ti pẹ́ jẹ́ mọ́kànlá. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Èyí tó dé gbẹ̀yìn ti lé ní ogún. Bí nọ́ńbà náà bá sì ṣe ń ga sí i ni ohùn ìsàlẹ̀ tó ń kọjá ń pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún kan, Bàbá ti ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀ láti wọlé tọ tuwítà. Kí ló lè mú kí ẹni tó ń tú kọ́ìlì nítorí ìyípo wáyà kan ṣoṣo ṣe irú èyí? Mo mọ̀ ọ́n níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Kò gbọ́ tuwítà mọ́. Ó ń bù sí i kí òun lè gbọ́ ọ.

Mo dọ́gbọ́n sọ fún un pé olùkọ́ wa ní kí a dán etí àgbàlagbà wò. Áàpù kan wà lórí fóònù mi tó ń dún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bàbá ní, "Mo gbọ́." Mo gbé e sókè, ó ní, "Mo gbọ́." Mo tún gbé e sókè títí ó fi di ohùn tíntín tó ń gún èèyàn létí. Obìnrin tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù fi ọwọ́ bo etí, ó bú wa ní Kànúrí. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń fi sùúrù wò mí.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń retí."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi lè sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe é, mo sì ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà lè gbé e lọ. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, tuwítà á máa jó lọ, orúkọ rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan wọn. Mo ń jí lójijì, mo ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ láìfẹnu kàn án, ó sì ń bi mí pé kí ló ń ṣe mí, ṣé wọ́n já mi kulẹ̀ nínú ìdánwò ni.

Níkẹyìn mo to àpótí mẹ́rin sórí tábìlì rẹ̀ bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, mo sì yí ẹ̀yìn wọn sókè. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún kan."

Ó ní kí n gbé fóònù ọjọ́sí jáde, kí n tún un ṣe. Mo ṣe é. Kò wo fóònù náà rárá. Ojú mi ló ń wò, ó sì rí bí mo ṣe ń fún ojú pọ̀. "Ó ń dún?" Mo ní ó ń dún. "Ó ga tó báyìí?" Mo fi orí dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Pa á. Ó ń dùn ọ́ létí."

Mo rò pé yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ káfítáànì funfun tó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, ó ní kí n bá òun kálọ. A wọ Kẹ̀kẹ́ lọ sí Monday Market. Àwọn oníbàárà pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaji Módù, mo rò pé yóò dúró kí wọ́n lọ tán. Kò dúró. Ó ṣí fìlà, ó sì gbóhùn sókè bíi pé ó fẹ́ kí òpin ọjà gbọ́ ọ: "Alhaji, ba kayanka ba ne. Kunnena ne." Pé ọjà rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, etí òun ni. Alhaji Módù fò jáde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Haba Baba, haba." Ó gbé àpótí ìjókòó sílẹ̀ fún un. Bàbá kọ̀, ó ní ìdúró ni òun ti bú u.

Ìyá Àgbà bínú nígbà tó gbọ́. Ó ní ṣé kò lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ṣé dandan ni kó kéde àìsàn ara rẹ̀ fún gbogbo ayé, kí wọ́n máa sọ pé adití ń ṣe sípíkà. Bàbá ń jẹun lọ ní tirẹ̀. "Ojú ọjà ni mo ti bú u, Ìyá Sàká. Ṣé inú yàrá ni kí n ti wá bẹ̀ ẹ́?"

Lẹ́yìn náà ló ka gbogbo orúkọ tó ti kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún kan, ó ní kí n máa pè wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n gbé mọ́tò wọn wá. Sí ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń sọ ọ́ lójú kojú pé etí òun ti lọ, ọmọ ọmọ òun ni yóò máa gbọ́ fún òun. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹni méjì gbé mọ́tò wọn lọ síbòmíràn. Ìyókù dúró. Bàbá á wé kọ́ìlì, á fi léèdì jó wáyà pọ̀, èmi á sì jókòó síbi dírẹ́bà. Òun á dúró níta, ní ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, á máa wo ojú mi títí orin á fi tán. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, á ní, "Kí lo gbọ́?" Ohunkóhun tí mo bá sọ ni yóò kọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ pé ọkùnrin yìí, tí kò gba àgádágodo gbọ́, gbà mí gbọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ nìyí. Mo parọ́ fún un.

Lórí mọ́tò Màláàmù Búkàr tó ń wa tasí ni. Ìdánwò mi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn sójà sì ti ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà yunifásítì látàárọ̀. Mo jókòó, orin bẹ̀rẹ̀, kíá ni mo sì ti gbọ́ pé kò dọ́gba. Apá òsì ń dún láìkún, ohùn olórin kò dúró síwájú mi bó ṣe yẹ. Wáyà kan ti yí padà níbì kan, àfi kí a tú ilẹ̀kùn. Títú ilẹ̀kùn á gbà tó wákàtí kan. Mo ro ìdánwò, mo ro àwọn sójà, mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, mo ní, "Ó dára, Bàbá. Ó dára gan-an."

"Ó dára?"

"Ó dára."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Máa lọ. Ọlọ́run á bá ọ ṣe é."

Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò parí. Ní Sátidé, Màláàmù Búkàr gbé mọ́tò rẹ̀ padà dé, ó ní olórin ń kọrin bí ẹni wà nínú kànga. Mo wà níbẹ̀. Bàbá tú ilẹ̀kùn, ó sì rí i pé wáyà pupa wà níbi tó yẹ kí dúdú wà. Ẹni tó bá ní etí kò lè ṣàìgbọ́ ọ. Mo dúró tì í, mo ń retí kó yíjú sí mi. Màláàmù Búkàr ló yíjú sí. "Laifina ne," ó ní. Ẹ̀bi òun ni. Ó tún un so, ó ní kí n wá gbọ́, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ gíláàsì bó ṣe máa ń dúró, ó sì kọ ohun tí mo wí sílẹ̀.

Bàbá kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà fún mi títí láé. Kò sì yé gbà mí gbọ́, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo to ẹ̀bẹ̀ náà sẹ́nu lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá bá a lẹ́nu kíka ìyípo wáyà, màá sì padà pé kí ó kà tán ná. Oṣù tí mo ń parí iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì ló kírun Àsárì, ó fẹ̀yìn tì lórí ẹní, kò sì dìde mọ́.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Màláàmù Búkàr wá. Ó kí Ìyá Àgbà, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń bu omi fún àwọn èèyàn, ó ń sọ̀rọ̀ Hausa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi nípa bàbá yìí. Ní ọjọ́ tí mo ń lọ ṣe ìdánwò, bí òun ṣe tan mọ́tò báyìí, Bàbá tẹ̀ lé òun dé ojú títì, ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì. Ó ní kí òun má bínú, nǹkan kan wà nínú mọ́tò náà tí kò tọ́, àmọ́ kí òun fi ara dà á títí di Sátidé.

Mo ní, "Kò lè gbọ́ ọ. Báwo ló ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Bí mo ṣe bi í náà nìyẹn. Ó ní, 'Ta amsa kafin ta saurara.' Pé o dáhùn kí o tó gbọ́. Ó ní bí òun bá dá ọ dúró, o máa tú ilẹ̀kùn yẹn, wàá sì gbé ìgbọ̀nrìrì lọ síbi ìdánwò."

Mo gbé ife omi kalẹ̀. Gbogbo oṣù tí mo fi ń wá ọ̀nà tí màá fi jẹ́wọ́, bàbá yìí ti mọ̀ kí n tó rí Kẹ̀kẹ́ tí màá wọ̀. Ó mọ̀, ó sì tún ń bi mí, ó sì tún ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sunkún níwájú gbogbo èèyàn, ojú ò tì mí. Màláàmù Búkàr dààmú, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló burú. Mo bi í pé ibo ló gbé mọ́tò sí. Ó ní níta.

Mo lọ jókòó sínú rẹ̀. Mo yí gíláàsì sókè, mo ní kí ó fi orin sí i, mo sì gbọ́ ọ dé òpin, àwọn àlùfáà ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, wọn ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, Màláàmù Búkàr sún mọ́ mi, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé màá tún sunkún.

"Yaya? Ya yi kyau?" Ó fẹ́ kí n sọ pé ó dára.

Mo sọ fún un pé tuwítà apá ọ̀tún ga jù díẹ̀. Mo ní kó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, èmi ni yóò bá níbẹ̀.